Pátímọ́ ní Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ẹ̀kọ́ Nípa Ìgbé Ayé ní Erékùṣù Kékeré Kan

Kò sí ẹni tí ó ti ka Ìwé Ìfihàn tí kò mọ orúkọ Pátímọ́. Ní orí kìn-ín-ní ìwé náà ni Jòhánù ti sọ fún wa pé òun wà ní erékùṣù náà nítorí ẹ̀rí tí òun ń jẹ́. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ Pátímọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ọmọ ni àpáta, ẹ̀wọ̀n, àti arúgbó kan ṣoṣo tí ó jókòó létí òkun. Díẹ̀ nínú wa ni ó tilẹ̀ rántí pé Pátímọ́ wà títí di òní, pé nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, pé wọ́n ń dáná, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì ń ná ẹja ní ọjà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ibi gbogbo.

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ìran Jòhánù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a sì bèèrè ohun kan tí ó rọrùn: báwo ni àwọn ará Pátímọ́ ṣe ń lo ọjọ́ wọn ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn wọn mú jù lọ? Bí a bá wá ìdáhùn náà dáradára, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀n.

Ibi tí erékùṣù náà wà

Pátímọ́ wà nínú Òkun Aegean, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gíríìkì, kò sì jìnnà púpọ̀ sí etíkun Éṣíà níbi tí Éfésù àti Mílétù wà ní ìgbà àtijọ́. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí a ń pè ní Dodecanese. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni erékùṣù méjìlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn ju méjìlá lọ. Kósì àti Ródù, tí Pọ́ọ̀lù kọjá gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 21, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ítálì gba àwọn erékùṣù wọ̀nyí lọ́wọ́ Tọ́kì ní ọdún 1912. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nípa àdéhùn ọdún 1947, wọ́n di ti ilẹ̀ Gíríìkì.

Ilẹ̀ Pátímọ́ kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 34 lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn ín já láti àríwá dé gúúsù láàárín ọjọ́ kan. Kò sí odò ńlá níbẹ̀, kò sì sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ojú òkun nìkan ni ọ̀nà àtiwọ̀ àti àtijáde. Ìlú èbúté rẹ̀ ń jẹ́ Skala. Ìlú tí ó wà lókè ń jẹ́ Chora, níbi tí àwọn ilé funfun ti pagbo yí ilé àwọn mọ́ńkì ká, èyí tí Christodoulos dá sílẹ̀ ní orúkọ Jòhánù Mímọ́ ní ọdún 1088, lẹ́yìn tí ọba Alexios Komnenos ti fi erékùṣù náà ta á lọ́rẹ. Ògiri ilé náà nípọn bí odi ogun, nítorí pé àwọn olè ojú òkun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní àlàáfíà ní ìgbà wọnnì. Lójú ọ̀nà Skala sí Chora ni ihò àpáta kan wà, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé inú rẹ̀ ni Jòhánù ti rí ìran.

Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ohun kan kí ó má baà ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Oṣù keje jẹ́ oṣù òjò lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìgbà òtútù ni òjò wọn ń rọ̀. Láti oṣù kẹfà títí dé òpin oṣù kẹjọ, agbára káká ni ẹ̀kán òjò kan fi ń bọ́. Síbẹ̀, orúkọ tí àwọn ará Gíríìkì sọ ìgbà yìí ni kalokairi, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbà rere. Ó jẹ́ ìgbà rere nítòótọ́ fún atukọ̀ àti fún apẹja, àti fún ẹni tí ó ní èso àjàrà tí ń pọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà rere náà ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Òrùlé tí ń gba omi

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilé Chora yóò rí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹfun ni a sì fi kun ara wọn. Àwọn arìnrìn-àjò a máa yìn wọ́n nítorí ẹwà wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan ni àwọn baba wọn fi kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹfun ń lé ooru oòrùn padà; òrùlé pẹrẹsẹ sì dàbí àwo tí a gbé kalẹ̀ láti gba òjò. Ní àwọn erékùṣù gbígbẹ ti òkun náà, omi a máa ti orí òrùlé gba ojú ìṣàn lọ sínú kòtò tí a gbẹ́ sábẹ́ ilé tàbí sábẹ́ àgbàlá, tí a sì rẹ́ inú rẹ̀ kí omi má baà jò lọ. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tán, wọn a fọ kòtò náà, wọn a sì gbá òrùlé. Òjò àkọ́rọ̀ ni wọn a jẹ́ kí ó ṣàn dànù pẹ̀lú eruku, kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún èyí tí a ó mu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí olùkọ́ lè kọ sára pátákó. Bí òjò tí ó jẹ́ mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní òró àti mítà kan ní ìbú, lítà omi kan gééré ni. Ká ní òrùlé ilé kan jẹ́ mítà mẹ́wàá ní òró àti mítà mẹ́fà ní ìbú. Ká sì ní òjò gbogbo ọdún jẹ́ mìlímítà 400. Bí ẹ̀kán kan kò bá tilẹ̀ ṣòfò, omi tí ó lè wọ inú kòtò náà kò ju lítà 24,000 lọ. Bí a bá pín in fún ọjọ́ 365, nǹkan bí lítà 65 ni ó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń gbé inú ilé náà, lítà 13 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún mímu, fún ìdáná, fún ìwẹ̀, fún aṣọ fífọ̀, àti fún ewúrẹ́ tí ń ké ní ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí ìṣirò yìí bá yé wa, ìwà àwọn ìyá ilé àtijọ́ ní erékùṣù kò ní jọ ìwà ahun lójú wa mọ́. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ ni a fi ń bomi rin ewé olóòórùn dídùn kan, ìbátan efinrin, tí a gbìn sínú agolo lẹ́nu ọ̀nà. Omi tí a fi fọ aṣọ ni a tún fi ń fọ ilẹ̀. A kì í jẹ́ kí omi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo kí ó tó lọ.

Òkè tí ó ga jù lọ ní Pátímọ́, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 269, ń jẹ́ orúkọ wòlíì Èlíjà. Jákèjádò ilẹ̀ Gíríìkì ni a ti ń kọ́ ilé ìsìn wòlíì yìí sí orí òkè, ogúnjọ́ oṣù keje sì ni àjọ̀dún rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 17 àti 18, yóò rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó tún yẹ kí ènìyàn máa rántí ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ bí ilẹ̀ ti ń rí nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀?

Afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀

Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ apẹja ibẹ̀ bí ọ̀la yóò ti rí, kì í ṣe oòrùn ni yóò wò, nítorí oòrùn dájú. Afẹ́fẹ́ ni yóò wò. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ kan a máa fẹ́ wá láti àríwá, tí wọ́n ń pè ní meltemi. Ohun ìyanu rẹ̀ ni pé kì í bá ìkùukùu rìn. Ojú ọ̀run a mọ́ gaara, ṣùgbọ́n òkun a ru, ìgbì rẹ̀ a sì hó funfun. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ láìdáwọ́ dúró.

Afẹ́fẹ́ yìí ń ṣe oore. Ó ń tu àwọn ènìyàn lára nígbà tí ooru bá mú; òun sì ni ó ń yí àwọn ọlọ afẹ́fẹ́ láyé àtijọ́, èyí tí mẹ́ta ṣì dúró lórí òkè ní Chora títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá le, àwọn aláṣẹ èbúté a fi òfin de ọkọ̀ láti má ṣe ṣí. Ọkọ̀ ńlá tí ń ti Piraeus, èbúté Áténì, wá a máa lo nǹkan bí wákàtí méje sí mẹ́jọ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó dé Pátímọ́. Nínú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun wà, àti oògùn, àti lẹ́tà, àti ọmọ tí ń ti ìlú ńlá bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀. Nígbà tí kò bá wá, kò sí ẹni tí a lè bá jà. Ẹni tí ń lọ a tú ẹrù rẹ̀ padà. Ẹni tí ń retí a padà sílé. Nípa báyìí ni erékùṣù ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní sùúrù, láìsí ìwé.

Bí a ti ń pín ọjọ́

Kí oòrùn tó yọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Apẹja tí ó fi òru ṣiṣẹ́ a gúnlẹ̀ ní Skala. Bí ó bá ti ta ẹja rẹ̀ tán, a jókòó sí ẹ̀bá ọkọ̀ rẹ̀, a sì máa tún àwọ̀n tí ó ya ṣe. Àwọn tí ń fi àtùpà pẹja ní òru kì í fẹ́ràn òṣùpá àrànmọ́jú, nítorí pé nígbà tí gbogbo òkun bá mọ́lẹ̀, ẹja kì í wá síbi àtùpà. Àwọn obìnrin a gbá iwájú ilé, wọn a lọ ra búrẹ́dì, wọn a sì parí ìdáná kí ooru tó wọlé. Ní òwúrọ̀, fèrèsé a ṣí sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, a pa gbogbo rẹ̀ dé, inú ilé a sì ṣókùnkùn, a tutù.

Oúnjẹ ọ̀sán di nǹkan bí agogo méjì tàbí mẹ́ta: tòmátì, apálá, àlùbọ́sà, èso ólífì àti òróró rẹ̀, wàràkàṣì, ẹ̀wà tàbí ẹja, àti búrẹ́dì bálì tí a yan lẹ́ẹ̀mejì tí ó gbẹ tóbẹ́ẹ̀ tí ó lè pẹ́ ní ilé fún oṣù púpọ̀. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú a máa wà, èyí tí a ti sá sórí okùn nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ bí ẹni sá aṣọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo ìlú a dákẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó fà á. Oòrùn ni ó pàṣẹ. Òfin ilẹ̀ náà pàápàá ti lé ìdákẹ́jẹ́ yìí lẹ́yìn: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti agogo mẹ́ta ọ̀sán títí di agogo márùn-ún ààbọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo tí yóò dí ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ìsinmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ igi yóò dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìlú a tún jí. Àwọn àgbà ọkùnrin a jókòó ní ilé kọfí, wọn a ta ayò, wọn a sì sọ̀rọ̀ ìjọba. Tọkọtaya àti ọmọ wọn a rìn lọ rìn bọ̀ létí èbúté, wọn a máa kí ara wọn. Àwọn ọmọdé, tí ilé ìwé wọn ti wà ní títì láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, a máa ṣeré ní gbangba títí òru, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí wọ́n ti sùn ní ọ̀sán.

Ní oṣù kẹjọ ni àjọ̀dún pọ̀. Láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kẹrìnlá ni àwọn olùfọkànsìn ń gbààwẹ̀, wọn kì í sì í jẹ ẹran. Ní ọjọ́ kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ Ìyípadà Ológo Olúwa wa, a ń gbé èso àjàrà wá sí ilé ìsìn fún ìbùkún. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọjọ́ Ìsùn Màríà, tí àwọn kan ń pè ní Ọdún Àjíǹde ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà náà ni àwọn ọmọ erékùṣù tí wọ́n ti fọ́n ká sí Áténì, sí Amẹ́ríkà àti sí Ọsirélíà ń padà wá. Ilé tí a ti tì pa láti ọdún èṣí a ṣí; ìyá àgbà a rí ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáradára mọ́.

Àlejò

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ilé nìkan ni ó ń dé. Ní ọdún 2023, àwọn àlejò tí ó wọ ilẹ̀ Gíríìkì ju mílíọ̀nù 30 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń wá, erékùṣù sì ni wọ́n fẹ́ràn. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wọn ní búburú, nítorí owó wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé erékùṣù fi ń jẹun títí òtútù yóò fi kọjá. Nípa wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi lè dúró ní ìlú baba rẹ̀, kí ó má ṣe bá ọkọ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò wa. Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ omi ìwẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè lo lítà 80. Èyí ju èyí tí òrùlé wa àná lè fún gbogbo ilé ẹlẹ́ni márùn-ún ní ọjọ́ kan lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé omi mímu lọ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù kéékèèké. Lónìí, ní ibi púpọ̀, ẹ̀rọ ni a fi ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó sì ń fẹ́ owó. Ewu rẹ̀ mìíràn ni pé ó lè mú kí ènìyàn gbàgbé kòtò omi ilé baba rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó wó.

Ọ̀rọ̀ kejì kan àwa olùkọ́. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù ilẹ̀ Gíríìkì, olùkọ́ tàbí oníṣègùn tí ìjọba rán wá a máa wá yàrá títí, kò sì ní rí, nítorí pé àwọn onílé ti fi yàrá wọn pamọ́ fún àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò san owó púpọ̀. Àwọn mìíràn a rí yàrá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kí ilé ìwé tó parí. Bí olùkọ́ kò bá rí ibi sùn, ta ni yóò kọ́ ọmọ onílé? Pátímọ́ mọ iyì ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: ní ọdún 1713 ni Makarios Kalogeras dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọnnì pẹ̀lú jẹ́ àlejò, a sì wá ààyè fún wọn. Kì í ṣe àlejò ni ó burú, bí kò ṣe pé kí a gba àlejò kan ní ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì.

Ohun tí a rí kọ́

Ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan náà, xenos, ni ó dúró fún ẹni tí a kò mọ̀ rí àti fún ẹni tí a gbà sí ilé. Àwa Yorùbá mọ èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa, àlejò, ti rí. Láti inú xenos ni wọ́n ti yọ philoxenia, ìfẹ́ àlejò. Ọ̀rọ̀ náà ni ó wà nínú Episteli sí àwọn Hébérù, orí 13, ẹsẹ 2, ní èdè tí a fi kọ ọ́.

Ní ilé àtijọ́ ní erékùṣù, bí àlejò bá wọlé ní ọ̀sán, onílé a gbé àwo kékeré kan wá. Ṣíbí kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú èso tí a fi ṣúgà sè, àti ife omi tútù kan. Àlejò a jẹ èso náà, a mu omi, a sì súre fún ilé. Ẹni tí kò mọ ibi tí omi náà ti wá yóò rò pé èso dídùn ni ẹ̀bùn náà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ṣe ìṣirò òrùlé mọ̀ pé omi ni ẹ̀bùn. Láti inú lítà 13 ẹnì kan ni ife náà ti jáde. Ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀ omi lè da á sílẹ̀ láìrò ó. Ẹni tí ó ń wọn omi nìkan ni ó mọ ohun tí ó fi fúnni. Ìwọ̀n kò sọ àwọn ará erékùṣù di ahun. Ó kọ́ wọn ní iye tí ọrẹ jẹ́. Èyí ni kí àwọn olùkọ́ fi sí ọkàn àwọn ọmọ, nígbà tí wọ́n bá tún ka orúkọ Pátímọ́.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Èéṣe tí òrùlé Chora fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a sì fi ẹfun kun ilé wọn?

2. Ẹ wọn òrùlé ilé ẹ̀kọ́ yín. Bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà mélòó ni a lè rí gbà?

3. Kí ni oore meltemi, kí sì ni ìnira rẹ̀?

4. Ẹ ka Ìfihàn orí 21, ẹsẹ 1. Kí ni òkun lè túmọ̀ sí fún ẹni tí a lé lọ sí erékùṣù, tí ó ń wo omi ní ìhà gbogbo?

5. Ẹ ka Mátíù orí 10, ẹsẹ 42. Ní irú ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ láti mú ṣẹ, èéṣe?